Àtẹ̀jáde: Kí Ìjọba Tó Lọ Pe Ẹjọ́ Lórí Omi, Kí Wọ́n Gbọ́ Tẹnu Apẹja

Àwa apẹja, ayanja, alájàpá ẹja àti awakọ̀ ojú omi tí a para pọ̀ di ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe ìpàdé gbogbogbò wa ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Àwọn aṣojú wá láti Bàyékù, Ìbèṣè, Májìdùn, Ìpakòdò, Àgbòwá, Ejìnrìn àti ọjà Olúwo. Ọ̀rọ̀ kan la torí rẹ̀ pe ìpàdé: ẹjọ́ tí orílẹ̀-èdè kan ń pe orílẹ̀-èdè kejì sí ní kóòtù àgbáyé, àti bó ṣe ń kan ẹni tó ń fi àwọ̀n wá oúnjẹ òòjọ́. A gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, lẹ́nu àwọn obìnrin ọjà, lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọmọ bíbí ẹgbẹ́ yìí, tí ìyá rẹ̀ fi ẹja yíyan rán níléèwé, sì là wá lọ́yẹ̀. Lẹ́yìn náà la fẹnu kò láti gbé àtẹ̀jáde yìí síta, kí ìjọba, àwọn kábíyèsí wa àti gbogbo ará ìlú lè mọ èrò wa àti ohun tí a ń béèrè.

Àwọn kan ti ń bi wá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ pé kí ló kan apẹja ọ̀sà nínú ọ̀rọ̀ ìlú The Hague, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé wà. Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ jà lé, ló kàn wá níbẹ̀. Láàárín wa lónìí, a rí ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pẹja dé etí òkun Kamẹrúùnù, pàápàá àwọn ará wa Ìlàjẹ tí omi kì í pààlà fún. Lójú wọn, ibi tí ẹja bá gbà ni ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí àwọn adájọ́ nílẹ̀ Yúróòpù fa ìlà sórí omi, ẹni tó jí láàárọ̀ bí ọmọ ilé di àlejò kó tó di alẹ́, láìjẹ́ pé ó kúrò lójú kan. Nítorí náà la ṣe ní kí wọ́n tú ẹjọ́ náà palẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, sójà Nàìjíríà márùn-ún kú nínú ìkọlù kan ní ẹnu ààlà. Nígbà tó máa fi di ìparí ọdún 1993, àwọn sójà wa ti wọ Bakassi. Ìgbà náà ni Kamẹrúùnù ta ọgbọ́n. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1994, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé òun gbà kí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé máa dá ẹjọ́ òun. Nàìjíríà ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1965, ó sì dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta yẹn kan náà, Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ Bakassi síwájú kóòtù. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọjọ́ 26 lọ. Àwọn agbẹjọ́rò wa figbe ta pé wọ́n ká àwọn mọ́, pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ pe ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́jọ́ kọ́kọ́ ta á lólobó. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1998, kóòtù dáhùn pé òfin kò fi dandan lé e fún Kamẹrúùnù láti kéde ohun tó fẹ́ ṣe. Nàìjíríà ti tún ìwé tirẹ̀ kọ ní oṣù kẹrin ọdún náà kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ ná.

A fẹ́ kí àwọn aráàlú fi ara balẹ̀ wo ìṣe yẹn. Kamẹrúùnù kò ní ọmọ ogun tó tiwa, kò ní èèyàn tó tiwa, owó rẹ̀ kò sì tó tiwa. Ó mọ̀ pé òun kò lè fi agbára gba Bakassi padà. Ó wá ibi tí agbára kò ti ní ṣiṣẹ́, ó sì mú ìjà náà lọ síbẹ̀. Ìyẹn ni ọgbọ́n tó wà nídìí irú ẹjọ́ báyìí: ẹni tó pè é ti jókòó, ó ti yan kóòtù, ó ti yan àkókò, ó ti kó ìwé rẹ̀ jọ, kí ẹnìkejì tó mọ̀ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdájọ́ jáde lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Adájọ́ 13 ló ní Kamẹrúùnù ló ni Bakassi, àwọn mẹ́ta kò fara mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí Nàìjíríà yàn láti jókòó nínú ẹjọ́ náà. Olóyè Richard Akínjídé náà wà lára àwọn tó gba ẹnu Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Ọmọ wa kò jókòó lásán níbẹ̀, a sì fẹ́ kí èyí yé àwọn tó ń sọ lọ́jà pé àwọn agbẹjọ́rò ló ta ilẹ̀.

Ìwé ló pa wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì tọwọ́ bọ àdéhùn tó fi Bakassi sí apá Jámánì, ibẹ̀ ni Kamẹrúùnù sì ti jogún rẹ̀. Nàìjíríà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní àṣẹ láti fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ náà, nítorí pé lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1884, àdéhùn ààbò lásán ló bá àwọn ọba àti ìjòyè Calabar Àtijọ́ ṣe. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn. Kóòtù kò gbà. Ó ní irú àdéhùn yẹn pọ̀ jọjọ, pé nǹkan bí 350 ni Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ìjòyè agbègbè náà ṣe, pé kò sọ wọ́n di orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀pọ̀ wa dé egungun. Ó tún kan Ẹ̀pẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, ní ìlú Ẹ̀pẹ́ yìí, Ọba Kòsọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sọ̀rọ̀ èbúté nínú rẹ̀. A bi ara wa léèrè pé bí ẹjọ́ bá dìde lórí omi wa lọ́la, ta ni yóò mú ẹ̀dà ìwé yẹn wá láti ilé Kòsọ́kọ́, ta ni yóò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò rí èsì fún un.

Nàìjíríà sọ fún kóòtù pé àwọn èèyàn wa ló ń gbé Bakassi, pé ìjọba wa ló ń gba owó orí níbẹ̀, pé àwa la kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn síbẹ̀. Kóòtù kò pè é ní irọ́. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ kì í pàdánù rẹ̀ nítorí pé ẹlòmíràn ń gbé orí rẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkòròdú mọ ohun tí àwọn adájọ́ náà ń wí. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn ìwé tí ìjọba tiwa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láàárín ọdún 1962 sí ìparí àwọn ọdún 1970 fi hàn pé Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ń ka Bakassi sí ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Akọ̀wé ìjọba kan kọ lẹ́tà sínú fáìlì, ó lọ sílé lọ jẹun. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, lẹ́tà yẹn lé apẹja kúrò ní èbúté bàbá rẹ̀.

Nínú gbogbo ọdún tí ẹjọ́ náà fi wà nílẹ̀, kò sí ibi tí apẹja lè dúró sí kó fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ẹjọ́. Òfin Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé orílẹ̀-èdè nìkan ló lè jẹ́ olùpẹjọ́ tàbí olùjẹ́jọ́ níbẹ̀. Yorùbá sì ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Kóòtù gbọ́ ẹnu ìjọba méjì lóòótọ́, a kò fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ń sùn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé, ìjọba tirẹ̀ kò sì bi í ní ohunkóhun kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú.

A tún gbọ́ apá kejì ìtàn náà, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí inú ń bí wa. Nínú ìdájọ́ ọdún 2002 náà, kóòtù ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ́ tí Kamẹrúùnù jẹ́ pé òun yóò máa dáàbò bo àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Bakassi àti agbègbè Adágún Chad. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006, ní Greentree ní Ìpínlẹ̀ New York, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Paul Biya tọwọ́ bọ àdéhùn níwájú Kofi Annan, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà. Ẹ̀ka kẹta àdéhùn náà ní Kamẹrúùnù kò gbọdọ̀ lé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ fipá yí wọn padà sí ọmọ ilẹ̀ tirẹ̀, kí ó bọ̀wọ̀ fún èdè àti àṣà wọn, kí ó jẹ́ kí wọ́n máa pẹja kí wọ́n sì máa dáko bí wọ́n ti ń ṣe, kí ó má sì bu owó orí lé wọn lọ́nà ìrẹ́jẹ. Nígbà tí a ka ẹ̀ka yìí sókè, àwọn kan bú sí hàà. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pípẹja wà nínú ìwé tí ààrẹ méjì fọwọ́ sí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008 ni Nàìjíríà gbé ilẹ̀ náà kalẹ̀ pátápátá. Iye apẹja tó mọ ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé yẹn nígbà náà kò lè pọ̀, nítorí kò sí ẹni tó kà á sí wọn létí ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Nígbà tó di ọdún 2012, ariwo sọ. Òfin kóòtù náà fàyè ọdún 10 sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí ẹ̀rí tuntun tó lè yí ìdájọ́ padà. Àwọn aṣòfin ní Abuja ń pariwo pé kí ìjọba padà lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, bí àkókò ṣe ń tán lọ, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun kò ní lọ. Ìdí kan tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ rọrùn láti mọ̀: ẹ̀rí tuntun ni kóòtù ń béèrè, ariwo la ní. Ẹni tí kò kó ìwé jọ lọ́dún 1994 kò lè rí i ṣà nílẹ̀ lọ́dún 2012.

Ibi yìí ni àríyànjiyàn ti ṣẹ̀ ní ìpàdé, a sì fẹ́ kó hàn nínú àtẹ̀jáde yìí nítorí pé òótọ́ ni. Àwọn àgbà ní ẹjọ́ kò dára, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé kí Nàìjíríà máa fi ìjókòó àgbà yanjú ọ̀rọ̀ omi pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá, pé ẹni tí kò bá pe ẹjọ́ ni wọ́n máa ń pè lẹ́jọ́. Àwa ìgbìmọ̀ gbọ́ ti ọ̀tún, a gbọ́ ti òsì. Èrò wa ni pé òwe náà kò bá ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè mu tán. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2002 gan-an, oṣù kan péré lẹ́yìn ìdájọ́, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù fìdí ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kan múlẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì ń gbàlejò ara wọn ní Abuja àti Yaoundé. Ghana àti Ivory Coast pẹ̀lú: ọdún 2014 ni Ghana gbé ọ̀rọ̀ ààlà òkun wọn lọ fún ìdájọ́, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé fún Òfin Òkun tó wà ní Hamburg fa ìlà fún wọn. Àwọn ìjọba méjèèjì gbà á, ìbọn kan kò dún. Ọ̀rọ̀ tí kóòtù bá parí lè dára ju èyí tí ìbọn ń parí lọ. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni kí ìjọba lọ láì múra, tàbí kó lọ láì mú wa dání.

Ọmọ wa agbẹjọ́rò tún mú ìtàn kan wá tó mú kí ilé pa rọ́rọ́. Ní ọdún 1960, Ethiopia àti Liberia pe South Africa lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé nítorí ìyà tó fi ń jẹ àwọn èèyàn dúdú ní ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Namibia. Sir Louis Mbanefo, ọmọ Nàìjíríà, ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yàn láti jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1966, àwọn adájọ́ pín sí méje sí méje, ààrẹ kóòtù fi ohùn kejì rẹ̀ lé e, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ náà kò kan Ethiopia àti Liberia, pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Gbogbo Áfíríkà bínú. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àṣẹ ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ South Africa. Ní ọdún 1971, kóòtù kan náà sọ pé jíjókòó tí South Africa jókòó síbẹ̀ kò bófin mu. Ẹjọ́ tí wọ́n pàdánù ló ṣí ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 2019, Gambia, orílẹ̀-èdè tó kéré jùlọ ní Áfíríkà bí a bá yọ àwọn erékùṣù sílẹ̀, pe Myanmar lẹ́jọ́ nítorí ìpakúpa àwọn Rohingya, èèyàn tí kò bá a pààlà rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2022, kóòtù ní Gambia lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Ohun tí wọ́n fi lé Ethiopia àti Liberia jáde ni wọ́n fi gba Gambia wọlé. A mú èyí wá kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa mọ́ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú tàbí ti ẹni kékeré.

Ó wá ku ti ẹja gan-an. Edé àti ọ̀pọ̀ ẹja tí a ń pa nínú ọ̀sà, láti òkun ni wọ́n ti ń wọlé wá dàgbà. Bí wọ́n bá ti kó wọn tán lẹ́nu òkun, àwọ̀n Bàyékù àti ti Ejìnrìn yóò gbẹ. Òfin Ìpẹja Ojú Òkun ti ọdún 1992 ní kí ọkọ̀ ìpẹja ńlá, èyí tí a ń pè ní tírọ́là, má ṣe pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etí ilẹ̀. Àwọn tó ń jáde sí òkun nínú wa jẹ́rìí pé tírọ́là ń wọ ibẹ̀ lóru, wọ́n pa iná, wọ́n sì ń wọ́ àwọ̀n àwọn apẹja lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2015, ilé ẹjọ́ Hamburg dá àwọn orílẹ̀-èdè méje kan lóhùn, àwọn bíi Senegal, Gambia àti Sierra Leone, tí wọ́n ti fi àjọ ìpẹja wọn béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2013. Kóòtù ní orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ gbé àsíá rẹ̀ ní ojúṣe láti rí i pé ọkọ̀ náà kò lọ jí ẹja pa nínú omi ẹlòmíràn. Bí orílẹ̀-èdè náà bá sùn sí ojúṣe yìí, ó lè jẹ̀bi. Kò ní jẹ̀bi nítorí pé ọkọ̀ kan ṣáà ṣẹ̀. Ó ní láti hàn pé òun fúnra rẹ̀ kò sa ipá tó yẹ.

Ẹ gbé ìyẹn yẹ̀ wò dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé kí Nàìjíríà tó lè mú orílẹ̀-èdè kan dáhùn, ó gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀: orúkọ ọkọ̀, àsíá rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí, ibi tí ó wà, ìgbà tí a fi tó orílẹ̀-èdè náà létí, àti ohun tí ó ṣe tàbí tí kò ṣe. Ta ló ń rí àwọn ọkọ̀ yìí lóru? Apẹja ni. Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Kò sí. Ẹ rántí pé ìdà olójú méjì ni òfin òkun yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ọmọ ogun ojú omi wa mú ọkọ̀ epo kan tí ń jẹ́ San Padre Pio, tó gbé àsíá Switzerland. Switzerland kò ní etí òkun kankan, síbẹ̀ ó gbé Nàìjíríà dé Hamburg, ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2019 sì ni kóòtù ní kí Nàìjíríà tú ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí Switzerland bá ti fi owó ìdúró mílíọ̀nù 14 dọ́là lélẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní ìparí ọdún 2021. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí àkọsílẹ̀ yìí, ìyá kan láti ọjà Olúwo dìde, ó sì fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Èéfín ẹja ti sọ ojú ìwé náà di rẹ́súrẹ́sú, òróró sì ti ràn mọ́ etí rẹ̀. Iye agbọ̀n èpìyà àti obòkún tó rà ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ó rà wọ́n, èbúté tí ẹja ti wá, orúkọ ẹni tó pa á àti iye owó. Ó ní nítorí gbèsè lòun ṣe ń kọ ọ́, kí apẹja má baà gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé: agbọ̀n kan ṣoṣo ló wà fún ọjà kan, níbi tí agbọ̀n mẹ́fà tàbí méje wà níwájú ìwé. Agbẹjọ́rò wa gbà á, ó wò ó pẹ́, ó kúnlẹ̀ dá a padà fún un, ó ní, “Màmá, ẹ̀rí rèé. Irú èyí ni kò sí fún Bakassi.” Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìpàdé ti mọ ohun tí a máa ṣe.

Ti ìyípadà ojú ọjọ́ kò pẹ́ lẹ́nu wa, àmọ́ kò ṣeé fò. Omi òkun ń ga sókè, ó sì ń jẹ etí ilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn tó ń fa yanrìn nínú ọ̀sà sì ń gbẹ́ ibi tí ẹja ń yé sí. Ní ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì South Pacific bẹ ìjọba erékùṣù wọn pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Ìjọba Vanuatu gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2025, gbogbo adájọ́ panu pọ̀ sọ pé ojúṣe lábẹ́ òfin ni fún orílẹ̀-èdè láti dáàbò bo ojú ọjọ́, pé èyí tó bá kọ̀ lè san gbà-máà-bínú. Akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ bí?

Lórí gbogbo èyí, a fẹnu kò báyìí.

A ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àti agbẹjọ́rò àgbà ìjọba pé láti ìsinsìnyí lọ, kí Nàìjíríà má ṣe gbé ẹjọ́ omi tàbí ẹjọ́ ẹja lọ sí kóòtù àgbáyé, kó má ṣe lọ jẹ́ irú rẹ̀, kó má sì ṣe fọwọ́ sí ìyanjú kankan lórí rẹ̀, láì kọ́kọ́ gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn apẹja tó wà lórí omi náà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì kà á sí wọn létí ní èdè wọn. Àdéhùn tí ìjọba bá sì ṣe, irú ti Greentree, kí wọ́n tú u sí èdè àwọn tó kàn, kí wọ́n mú un dé èbúté. Èyí ni olórí ohun tí a ń béèrè. Bí ìjọba bá ṣe gbogbo ìyókù tí kò ṣe èyí, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Kí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi àti ẹ̀ka ìpẹja ìjọba àpapọ̀ ṣí ìlà tẹlifóònù kan sílẹ̀ fún wa, tí apẹja lè pè lóru nígbà tó bá rí tírọ́là láàárín máìlì márùn-ún. Kí wọ́n sì máa tẹ orúkọ àti àsíá àwọn ọkọ̀ tí wọ́n bá mú jáde. A tún rọ Nàìjíríà pé kó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àjọ ìpẹja tí oríkò rẹ̀ wà ní Tema, èyíinì Liberia, Ivory Coast, Ghana, Togo àti Benin, sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan náà. Ohun tí orílẹ̀-èdè méje ṣe ní Hamburg, mẹ́fà lè ṣe é.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún ọkọ̀ ìpẹja kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ìwé, láì sọ ọ́ di ọ̀nà owó orí tuntun. Kí wọ́n gbé akọ̀wé ẹja sí Bàyékù, Ejìnrìn àti ọjà Olúwo. Kí wọ́n má sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fa yanrìn níbi tí a ń pẹja láì pe ẹgbẹ́ wa sí ìjókòó.

Ní ti àwa fúnra wa: ìwé kan yóò wà ní èbúté kọ̀ọ̀kan láti ọjà tó ń bọ̀, obìnrin kan àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ̀wé kọ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. A yóò kọ ẹja tó wọlé, ọjọ́, ibi tí a ti pa á, àwọ̀n tó ya àti ohun tó ya á, ọkọ̀ àjèjì tí a bá rí. Ẹ̀dà kan yóò wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀dà kejì lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Bí ìjọba tiwa bá kọ etí dídi, a mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ECOWAS wà ní Abuja, tí gbogbo ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè gbà lọ fúnra rẹ̀ láti ọdún 2005. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2012, ilé ẹjọ́ yẹn dá Nàìjíríà lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí SERAP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà, pè lórí ìbàjẹ́ tí epo rọ̀bì ṣe ní Niger Delta. A kò fẹ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó sílẹ̀ nítorí rẹ̀, owó kékeré lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ní ọjà Olúwo, àwọn ìyálọ́jà ló sì mú àbá náà wá.

A rán ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún lọ bá àwọn ìdílé tó tan mọ́ ilé Kòsọ́kọ́ àti àwọn ọba wa ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé àdéhùn àtijọ́ tó bá wà ní ìkáwọ́ wọn lórí omi àti èbúté. Ìgbìmọ̀ náà yóò jábọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀ ní Ejìnrìn. Kí èbúté kọ̀ọ̀kan mú ìwé rẹ̀ dání wá.

Àwa tí a fọwọ́ sí i lórúkọ ẹgbẹ́:
Alága, ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́
Alága, ẹ̀ka Ìkòròdú
Ìyálọ́jà ẹlẹ́ja, ọjà Olúwo
Akọ̀wé gbogbogbò